Mesh Wi-Fi lẹ́yìn módẹ́ẹ̀mù tó ti wà nílé: àyẹ̀wò ẹ̀rọ onímẹ́ta

Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń já fáfá nídìí módẹ́ẹ̀mù, ṣùgbọ́n tí fóònù rẹ̀ kì í rí nǹkan kan gbà mọ́ bó bá ti wọ yàrá ìkẹyìn, ni wọ́n ṣe mesh Wi-Fi fún, ìyẹn ẹ̀rọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a tò káàkiri ilé, tí ọ̀kan (olórí) so mọ́ módẹ́ẹ̀mù, tí àwọn yòókù (ẹ̀ka) sì ń tan Wi-Fi kan náà dé ibi tó jìnnà. Ẹni tí tirẹ̀ ti ń wọ́ láti ìdí módẹ́ẹ̀mù kò ní rí ìtura kankan níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ yìí kò lè fi ohunkóhun kún ohun tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń gbé wọlé; ó kàn lè pín in kárí ilé ni. Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé òun ló fà á tí àwọn kan fi ń yin ẹ̀rọ náà tí àwọn mìíràn sì ń sọ pé owó àwọn ti ṣègbé, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo wọn rà. Ọ̀nà tí èèyàn lè fi mọ ibi tí tirẹ̀ wà kò le. Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ ẹ̀yìn módẹ́ẹ̀mù, kí ẹ wọn bó ṣe ń yára tó, kí ẹ wá tú wáyà náà, kí ẹ gbé kọ̀ǹpútà kan náà lọ sí yàrá tó ń dà yín láàmú, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n níbẹ̀ lórí Wi-Fi. Bí ti wáyà bá ga tí ti yàrá sì já wálẹ̀ gan-an, inú ilé ni ìṣòro wà. Bí méjèèjì bá kéré bákan náà, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ pè, kí ẹ sì tọ́jú owó yín.

Èyí tí mo lò tí mo sì fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín jẹ́ ẹ̀rọ mẹ́ta nínú páálí kan, tó ń lo Wi-Fi 6, tó sì ní báńdì méjì (ọ̀nà ìgbì méjì tí Wi-Fi ń gbà), 2.4GHz àti 5GHz. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ihò Ethernet (ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) méjì tó lè gbé 1 Gbps, ìyẹn ìyára 1000 Mbps. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo irú rẹ̀, ẹni tó bá sì ra ti ilé-iṣẹ́ mìíràn tó wà ní ìpele yìí yóò bá ohun kan náà pàdé. Ní ti Wi-Fi oníbùdó púpọ̀, àwọn ọ́fíìsì ńláńlá ti ń lò ó tipẹ́. Ọdún 2016 ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn èèyàn lásán, nígbà tí Eero, Google Wifi àti Orbi ti Netgear bọ́ sọ́jà. Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè fi fóònù rẹ̀ tò láàárín àkókò kúkúrú, àǹfààní ńlá sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrọ̀rùn yẹn gan-an ló ń fi àwọn nǹkan kan pamọ́ fún onílé.

Ohun tí wọ́n kọ gàgàrà sára páálí ni AX1800, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà sí 1800 Mbps. Bí wọ́n ṣe rí iye náà ni pé wọ́n ro 574 tó jẹ́ agbára báńdì 2.4GHz pọ̀ mọ́ 1201 tó jẹ́ ti 5GHz, ó di 1775, wọ́n wá sún un sókè kó lè dùn ún wò. Fóònù tó bá so mọ́ ẹ̀rọ yìí ń lo báńdì kan lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà kò sí bí yóò ṣe rí àròpọ̀ yẹn láé. Ìyẹn 1201 fúnra rẹ̀ jẹ́ iye tí rédíò méjì ń bá ara wọn ná nígbà tí wọ́n bá súnmọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Ohun tó ń dé ọwọ́ ẹni tó ń gba fáìlì kéré sí i dáadáa. N kò pe èyí ní irọ́, nítorí pé gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iye ara páálí yan ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ tó gba àlàyé jù lọ ni bí ẹ̀rọ tuntun yóò ṣe máa bá èyí tó ti wà nílé gbé pọ̀. Àpótí tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì máa ń gbé fún oníbàárà kì í sábà jẹ́ módẹ́ẹ̀mù lásán. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe: ó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú wáyà tó wọlé, ó ń ṣe ráútà, ó sì ń tan Wi-Fi. Iṣẹ́ ráútà ni láti pín àdírẹ́sì IP fún fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà inú ilé, kó sì máa kó ọ̀rọ̀ gbogbo wọn jáde lábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo tí ilé-iṣẹ́ fún ilé náà. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní NAT. Bí a bá mú mesh jáde nínú páálí tí a sì ń tẹ ohun tí áàpù rẹ̀ bá ní ká tẹ̀, ipò ráútà ló máa gbà, nítorí pé àwọn tó ṣe é kò lè mọ̀ bóyá módẹ́ẹ̀mù lásán la ní nílé tàbí àpótí oníṣẹ́ mẹ́ta. Báyìí ni ráútà méjì ṣe ń tò lé ara wọn, tí NAT sì ń di ìlọ́po méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè fún un.

Ohun tó ń tanni jẹ níbẹ̀ ni pé kò sí ohun tó máa dà bíi pé ó bàjẹ́. Fídíò á máa lọ, ọ̀rọ̀ á máa wọlé lórí fóònù, onílé á sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ìgbà tó bá fẹ́ tẹ ìwé jáde ló máa mọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti ń lo Wi-Fi módẹ́ẹ̀mù láti ọjọ́ pípẹ́ ní àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.1, kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ mesh sì ní èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.68. Orí tábìlì kan náà ni méjèèjì wà, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ní òun kò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan, nítorí pé ìpè tí àwọn ẹ̀rọ fi ń wá ara wọn nínú ilé kì í kọjá ráútà tó dúró sáàárín wọn. Bákan náà ni fóònù tó ṣì wà lórí Wi-Fi àtijọ́ kò ní lè ju fídíò sí tẹlifíṣọ̀n tó wà lórí mesh. Àwọn tó ń ṣe géèmù lórí Xbox á rí i kí ẹ̀rọ náà kọ ọ́ sójú pé òun rí NAT méjì. Ẹni tó sì ní kámẹ́rà tó fẹ́ máa wò láti ìta nípasẹ̀ ojú ọ̀nà (port) tó ṣí sílẹ̀ nínú ètò ráútà á ní láti ṣí i nínú ráútà méjèèjì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti bọ́ sínú èyí kò nílò ẹnikẹ́ni. Nínú áàpù mesh, ẹ wo àdírẹ́sì tó kọ fún íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èyí tó gbà láti ọwọ́ módẹ́ẹ̀mù. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 tàbí 10, ráútà mìíràn ló sábà máa ń wà níwájú rẹ̀ nínú ilé yín. Bó bá bọ́ sí àárín 100.64 àti 100.127, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ló ń ṣe NAT sí i níbi tirẹ̀, kò sì sí ètò kan nínú ilé tó lè mú un kúrò.

Ọ̀nà méjì ló wà láti yanjú rẹ̀. Èkínní ni pé kí a sọ módẹ́ẹ̀mù di módẹ́ẹ̀mù lásán, ipò tí wọ́n ń pè ní bridge, kí mesh sì máa ṣe ráútà nìkan. Ọ̀nà yìí mọ́ tónítóní, gbogbo ohun tí áàpù mesh lè ṣe ni yóò sì wà lọ́wọ́ onílé. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í jẹ́ kí oníbàárà yí i síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo PPPoE, tó túmọ̀ sí pé a ní láti mọ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tí módẹ́ẹ̀mù fi ń wọlé sọ́dọ̀ wọn, ká sì kọ ọ́ sínú mesh. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí tẹlifóònù orí tábìlì rẹ̀ ń gba inú módẹ́ẹ̀mù lè bá a pé tẹlifóònù náà ti dákẹ́. Ọ̀nà kejì ni pé kí a fi módẹ́ẹ̀mù sílẹ̀ bó ṣe wà, kó máa ṣe ráútà lọ, kí a wá fi mesh sí ipò Access Point. Ní ipò yìí, mesh kì í pín àdírẹ́sì, kì í ṣe NAT. Wi-Fi nìkan ló ń tàn. Ojú ihò LAN kan lára módẹ́ẹ̀mù ni wáyà ti máa jáde lọ sí ẹ̀rọ olórí, gbogbo ohun tó wà nínú ilé, ì báà jẹ́ èyí tó ń lo wáyà tàbí èyí tó ń lo Wi-Fi, yóò sì wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo.

Ọ̀nà kejì yìí ni mo yàn, òun náà ni màá sì gba ọ̀pọ̀ onílé níyànjú láti yàn. Ìdí mi ni pé ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ: bí mesh bá dákẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá fi wáyà so mọ́ módẹ́ẹ̀mù ṣì ní íntánẹ́ẹ̀tì, ilé-iṣẹ́ kò sì ní lè sọ pé àwọn ò lè ràn wá lọ́wọ́ nítorí pé a ti yí nǹkan padà nínú àpótí wọn. Ohun tí a pàdánù ni àwọn nǹkan tó nílò kí mesh jẹ́ ráútà, bí àkókò tí ọmọdé gbọ́dọ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dídí àwọn ojú-òpó íntánẹ́ẹ̀tì kan, àti fífún ẹ̀rọ kan ní ipò iwájú ju òmíràn lọ. Nínú áàpù tí mo lò, bí mo ṣe yí i sí Access Point ni àwọn ojú-ewé wọ̀nyẹn pòórá láìsí àlàyé. Ẹni tó bá jẹ́ pé torí ìṣàkóso ọmọdé ló ṣe ra mesh, bridge ni kó lọ bá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sọ. Kí ẹ sì tó ra ohunkóhun, ẹ wádìí bóyá ẹ̀rọ náà gba ipò Access Point pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹ̀ka rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà á: lórí ti Google, ìgbà tí ẹ̀rọ bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni irú ipò bẹ́ẹ̀ ṣeé lò, bó bá ti di méjì, olórí gbọ́dọ̀ jẹ́ ráútà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ Wi-Fi àtijọ́, tí àwọn èèyàn máa ń fi sílẹ̀ torí pé wọ́n rò pé púpọ̀ sàn ju díẹ̀ lọ. Ẹ pa á. Orí 2.4GHz, ìkànnì mẹ́ta péré ni kì í gun ara wọn, 1, 6 àti 11, àwọn aládùúgbò sì ti wà lórí wọn; bí módẹ́ẹ̀mù àti ẹ̀rọ olórí bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn tí àwọn méjèèjì ń kígbe lórí ìkànnì kan náà, ńṣe ni ọ̀kan á máa dúró de èkejì. Èyí tó tún burú jù ni pé fóònù kì í fẹ́ fi Wi-Fi tó ti mọ̀ sílẹ̀. Á rọ̀ mọ́ ti módẹ́ẹ̀mù títí dé yàrá ìkẹyìn, onílé á sì máa dá mesh lẹ́bi. A lè pa á láti ojú-ewé módẹ́ẹ̀mù nínú kọ̀ǹpútà, tàbí láti orí bọ́tìnnì tí àwọn kan ní lẹ́yìn. Báńdì méjèèjì ni kí ẹ sì pa, nítorí pé lórí ọ̀pọ̀ àpótí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ 2.4GHz àti 5GHz sí. Ilé-iṣẹ́ tó ń fún mi ní íntánẹ́ẹ̀tì a máa fi sọ́fítíwíà tuntun ránṣẹ́ sí módẹ́ẹ̀mù lóru, èyí tó tún Wi-Fi rẹ̀ tàn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn bí mi nínú, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti mọ̀: bí orúkọ Wi-Fi tí a ti pa bá tún yọ lójú fóònù, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ní ti orúkọ, àbá tí mo rí pé ó ń gba èèyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ púpọ̀ ni pé kí mesh jogún orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tí Wi-Fi módẹ́ẹ̀mù ń jẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti pa ti módẹ́ẹ̀mù. Fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á kàn wọlé fúnra wọn bíi pé kò sí ohun tó yí padà. Àwọn gílóòbù iná àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ń fi fóònù darí ló máa ń ṣe agídí, nítorí pé 2.4GHz nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀, àwọn tó sì pẹ́ nínú wọn kò mọ WPA3, ìlànà ààbò Wi-Fi tó dé lẹ́yìn WPA2. Bí mesh bá wà lórí WPA3 nìkan, wọn ò ní wọlé láé. Ipò tó gba WPA2 àti WPA3 pọ̀ ló yẹ ká lò, tàbí ká ṣí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ lórí 2.4GHz fún wọn bí áàpù bá fàyè gbà á.

Ibi tí a gbé ẹ̀rọ sí ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo ti rò pé ìwé kékeré inú páálí ṣe àìdáa sí àwọn oníbàárà, nítorí pé àwòrán ilé tó wà nínú rẹ̀ kò ní ògiri. Ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni láti gbé ẹ̀rọ ẹ̀ka lọ sínú yàrá tí Wi-Fi kò dé. Bí a bá gbé e síbẹ̀, òun náà ò ní gbọ́ ohun tí olórí ń sọ. Á tan iná aláwọ̀ ewé, fóònù á fi ọ̀pá mẹ́rin hàn, nǹkan kan ò sì ní máa ṣí. Ọ̀pá tí fóònù ń fi hàn jẹ́ ti àárín fóònù àti ẹ̀ka, kì í ṣe ti àárín ẹ̀ka àti olórí. Ẹ̀ka gbọ́dọ̀ jókòó sí agbede-méjì, níbi tí Wi-Fi olórí ṣì lágbára. Àwọn áàpù tó ń wọn agbára ìgbì lórí fóònù Android máa ń sọ ọ́ ní dBm, níbi tí iye tó bá ṣe súnmọ́ òdo tó ti ń fi hàn pé ìgbì lágbára sí i: iye tó bá súnmọ́ -60 dára fún ibi tí a fẹ́ gbé ẹ̀ka sí, -67 ṣì tó fún ìpè olójú-kojú, ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá -75 lọ sí -80, kí ẹ sún un padà sẹ́yìn.

Ògiri kò rí bákan náà. Pákó àti páálí tí wọ́n fi ń pín yàrá kì í dí ìgbì púpọ̀. Bíríkì ń dí i díẹ̀. Kọnkéré tó ní ọ̀pá irin nínú ló ń pa 5GHz, pàápàá àjà tó wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè. Díńgí ńlá, fíríìjì, táńkì omi àti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ibi tí kò yẹ ká gbé ẹ̀rọ pamọ́ sí, bó ti wù kó mú pálọ̀ rẹwà tó. Ẹ̀rọ máíkírówéfù ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bíi 2.45GHz, nítorí náà 2.4GHz tó wà nítòsí rẹ̀ á máa wárìrì nígbàkígbà tí ẹnì kan bá ń gbóná oúnjẹ. Orí ṣẹ́ẹ̀fù tó ga díẹ̀, níta gbangba, ni mo gbé tèmi sí. Kò lẹ́wà, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, ohun tó ya mesh tó dáa sọ́tọ̀ sí èyí tó kàn wà ni ọ̀nà tí ẹ̀ka ń gbà bá olórí sọ̀rọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní backhaul. Lórí ẹ̀rọ oníbáńdì méjì bí èyí, rédíò 5GHz kan náà tó ń dá fóònù lóhùn ló tún gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún olórí. Kò lè ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí ìyára fi ń fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìdajì lórí ẹ̀ka, tó sì tún ń dín kù sí i bí ẹ̀ka kan bá ní láti gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ka mìíràn kó tó dé olórí. Àwọn ẹ̀rọ oníbáńdì mẹ́ta ń ya rédíò kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, ìyẹn ló sì mú kí wọ́n wọ́n ju èyí lọ. Lórí ìlà 300 Mbps tí mo ní, ẹni tó jókòó sẹ́bàá ẹ̀rọ olórí ń rí gbogbo rẹ̀ gbà. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ka tó ń lo afẹ́fẹ́ ń rí díẹ̀ lé ní ìdajì. Fún fídíò, ìyẹn tó, ó sì tún ṣẹ́kù. Fún ẹni tó ń kó fáìlì ńláńlá ránṣẹ́ láti yàrá iṣẹ́, kò tó.

Wáyà ló yanjú rẹ̀. Cat5e lásán lè gbé 1 Gbps dé 100 mítà, kò sì sí ilé tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fa wáyà láti módẹ́ẹ̀mù gba ẹ̀gbẹ́ pẹtẹ́ẹ̀sì lọ sókè, tí mo sì kì í bọ ẹ̀yìn ẹ̀ka, áàpù kàn yí àmì tó wà láàárín àwọn ẹ̀rọ méjèèjì padà láti Wi-Fi sí Ethernet, láìsí ètò mìíràn, yàrá òkè sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohun kan náà tí pálọ̀ ń gbà. Ipò Access Point tún fi àǹfààní kan hàn níhìn-ín: wáyà ẹ̀ka lè ti ara módẹ́ẹ̀mù jáde tààrà. Ká ní ipò ráútà ni, ẹ̀yìn olórí ni wáyà náà gbọ́dọ̀ ti wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀ka á bọ́ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì módẹ́ẹ̀mù, kò sì ní mọ olórí rẹ̀ mọ́. Ilé tó ní wáyà coax tẹlifíṣọ̀n nínú ògiri lè fi ẹ̀rọ MoCA gbé e gba ibẹ̀. Ti àwọn ẹ̀rọ tó ń gba inú wáyà iná kọjá kò dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀. Bí wáyà iná ilé bá ti gbó, tàbí tí àwọn yàrá méjèèjì kò bá sí lórí ìlà iná kan náà, ohun tí wọ́n ń mú wá lè kéré ju ti afẹ́fẹ́ lọ.

Ohun tí ìpolówó ń tẹnu mọ́ jù ni pé èèyàn lè rìn kárí ilé kí ìpè rẹ̀ má já. Lórí ẹ̀rọ yìí, òótọ́ ni dé àyè kan. Mesh ń lo àwọn ìlànà 802.11k, v àti r láti fi ẹ̀ka tó súnmọ́ han fóònù àti láti mú kí wíwọlé síbẹ̀ yá, ṣùgbọ́n fóònù ló ń pinnu ìgbà tó máa yípadà. Mesh lè rọ̀ ọ́, kò lè fi tipá mú un. Fóònù tuntun ń yípadà láàárín ìsẹ́jú-àáyá, ẹni tó wà lójú ìpè kò tilẹ̀ ní fura. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan tó wà nílé, ní tirẹ̀, á rọ̀ mọ́ olórí títí ojú yóò fi di dídì lórí ìpè, kó tó gbà láti lọ bá ẹ̀ka tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Nínú áàpù, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Fast Roaming, tó jẹ́ 802.11r, ó dáa kí ẹ tàn án, ṣùgbọ́n bí gílóòbù tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kan bá ṣàdédé kọ̀ láti wọlé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pa.

N kò fẹ́ràn áàpù náà. Èèyàn ò lè to ẹ̀rọ tó wà nínú ilé ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kó sì fi íméèlì rẹ̀ sílẹ̀. Ojú-ewé tó wà fún kọ̀ǹpútà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún wíwò lásán ni. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ọ̀pọ̀ ètò á di ohun tí ọwọ́ kò tó. Ẹni tó ti mọ́ lára láti yan ìkànnì fúnra rẹ̀ kò ní rí ibi tó ti máa yàn án. Mesh ló ń yan ohun tó bá wù ú. Ìpolówó ìforúkọsílẹ̀ olówó oṣooṣù fún ààbò tún ń yọ níbi tí kò yẹ kó ti yọ. Lódì kejì, àtúnṣe sọ́fítíwíà ń wọlé déédéé, gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí mesh sì ń gbà á pa pọ̀ lóru, èyí tó sàn ju ti ọ̀pọ̀ módẹ́ẹ̀mù tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló nílò rẹ̀. Bí módẹ́ẹ̀mù bá wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ní igun ilé, gbígbé e jáde sí àárín lè tó. Bí ó bá jẹ́ yàrá kan ṣoṣo ló ń ṣòro, tí wáyà sì lè dé ibẹ̀, Access Point ẹyọ kan máa ṣe iṣẹ́ náà ní owó tó kéré sí ti páálí onímẹ́ta. Extender, ẹ̀rọ tó ń gba Wi-Fi tó sì ń tún un tàn, tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, rọ̀ jọjọ ní owó, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ìdajì ìyára bíi ti ẹ̀ka aláìní wáyà, orúkọ Wi-Fi tirẹ̀ sì sábà máa ń yàtọ̀, fóònù kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kó fi í sílẹ̀. Ní ti Wi-Fi 6E àti Wi-Fi 7, tó dé lẹ́yìn Wi-Fi 6, báńdì 6GHz tí wọ́n mú wá mọ́ tónítóní torí pé àwọn aládùúgbò kò tíì kún ibẹ̀, àmọ́ ó tún kúrú ní ẹsẹ̀ ju 5GHz lọ, ògiri sì ń dí i jù. Ẹni tí ìlà rẹ̀ kò ju 500 Mbps lọ tó sì lè fa wáyà dé ẹ̀ka kan kò ní rí ìyàtọ̀ tó tó owó tó máa san lé e.

Ohun kan tó kù ni iye ẹ̀rọ. Onímẹ́ta ni wọ́n ń polówó jù, àwọn èèyàn sì gbà pé ẹ̀ka púpọ̀ ló ń mú Wi-Fi dára, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ka tó pọ̀ jù nínú ilé kékeré ń gun orí ara wọn, fóònù á sì máa fò láti ọ̀kan sí èkejì láìnídìí. Fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ní yàrá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, olórí kan nísàlẹ̀ àti ẹ̀ka kan lókè tó ní wáyà máa ń tó. Ẹ so méjì wọ̀nyẹn ná, kí ẹ tún gbé kọ̀ǹpútà lọ sí yàrá tó ń dà yín láàmú, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ kẹta tèmi ṣì wà nínú páálí rẹ̀, mo sì ń ronú láti tà á.